Yàrà Ṣùngbọ́ àti Ojúde Ọba: Ìtàn Ìjẹ̀bú-Òde fún Ẹni Tó Ń Bọ̀ Wá Wò Ó

Ní nǹkan bí ọdún 1505, atukọ̀ òkun kan, ọmọ ilẹ̀ Pọtogí, tó ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé nípa gbogbo etíkun Áfíríkà tí ọkọ̀ ọba rẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí. Nígbà tó kan ọ̀dọ̀ tiwa, ó kọ ọ́ pé bí ọkọ̀ bá gba Èkó wọ inú ọ̀sà, ìlú ńlá kan ń bẹ níwájú tó ń jẹ́ Geebuu, yàrà ńlá ló sì yí i ká. Ó ní Agusale ni wọ́n ń pe ọba ibẹ̀. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí yóò ka èyí tí kò ní mọ̀ pé Awùjalẹ̀, oyè ọba wa, ló ń wí. Ó kọ iye ọjà sílẹ̀ pẹ̀lú: ẹrú kan, ẹgba ọwọ́ idẹ 12 sí 15, eyín erin náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo bá kà á, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀ kọjá, nítorí pé bí orúkọ ìlú wa ṣe wọ ìwé òyìnbó nìyẹn.

Ohun méjì tí ọkùnrin yìí ròyìn, yàrà àti ọba, wọ́n ṣì wà. Àwọn tó ń wá ṣe fàájì ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ ti ọba dáadáa. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta, mọ́tò a tò lójú ọ̀nà láti Èkó, hótẹ́ẹ̀lì a kún, aṣọ ẹbí a sì gba ìgboro kan. Ojúde Ọba, ọdún tí a fi ń kí ọba, ni wọ́n wá wò. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbéra kí ilẹ̀ tó ṣú. Yàrà wà nítòsí níbẹ̀, nínú igbó, ẹni tó sì ń yà á wò kò pọ̀ rárá. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ìtàn yìí: mo fẹ́ kí ẹni tó bá wá wo ọba wo yàrà pẹ̀lú, nítorí ìtàn kan náà ni àwọn méjèèjì.

Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń pa á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn baba ńlá wọ ilẹ̀ yìí. Olú-Ìwà ló ṣáájú, pẹ̀lú Ajẹbu àti Olóde tí wọ́n jọ rìn. Ajẹbu ló pààlà ilẹ̀, Olóde ló ṣètò ibi tí ìlú yóò wà, orúkọ àwọn méjèèjì sì ni ìlú ń jẹ́ dòní. Arísù tẹ̀lé wọn. Ẹni kẹta ni Ọbańta, tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá, tí gbogbo ìdílé ọba Ìjẹ̀bú ń pè ní baba ńlá. Àwọn kan a máa fa ìrìn-àjò náà jìnnà kọjá Ifẹ̀, títí dé Wàdáì ní ilẹ̀ Sùdáánì. Ìdílé mẹ́rin ló ń jọba lónìí: Gbélégbùwà, Aníkìnáíyà, Fùsẹ̀ńgbùwà àti Fìdípòtè.

Ìgboro náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta tó tóbi, Ìwàdè, Pòrógun àti Ìjàsí, ìtún wẹ́wẹ́ sì wà lábẹ́ wọn. Ẹ ó ṣì máa gbọ́ orúkọ wọ̀nyí lẹ́nu ọlọ́kadà tí yóò gbé yín. Láyé àtijọ́, Awùjalẹ̀ ni orí, ṣùgbọ́n kì í dá ṣèlú. Àwọn Ìlámùrẹ́n, ìyẹn àwọn ìjòyè gíga, wà pẹ̀lú rẹ̀, Olísà sì ni àgbà ìjòyè. Òṣùgbó ń dájọ́, ó sì ń ṣòfin. Pàmpá ń gbẹnu sọ fún àwọn ará ìlú. Òṣùgbó yìí náà ló gbé aṣọ Ìjẹ̀bú dé ibi tó dé. Lórí òfì ìdúró ni àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ti ń hun aṣọ ọlọ́nà fún àwọn olóyè rẹ̀, wọ́n á hun àwòrán ọ̀nì, ejò àti ìjàpá sí i lára, òwú rẹ̀ a yọ sókè bí irun. Aṣọ yìí gba ojú omi lọ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ ní ẹnu odò Ọya. Wọ́n fẹ́ràn èyí tó ní àwòrán ìjàpá débi pé wọ́n fún un lórúkọ ní èdè tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ di aṣọ ọlá.

Ọ̀rọ̀ òwò ni gbogbo ìyókù. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà láàárín ọ̀sà àti ìlú òkè. Iyọ̀, ìbọn, ẹ̀tù àti aṣọ òkèèrè tó bá ti Èkó wá, ọ̀nà Ìjẹ̀bú wà lára èyí tó ya jù lọ láti gbé e dé Ìbàdàn. Àwọn Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí oníṣòwò ìlú mìíràn gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá. Ọjà ààlà ni wọ́n ti ń pàdé, oníbodè á gba owó bodè, ọmọ Ìjẹ̀bú á gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, á sì gbé e dé òdìkejì. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ ọ́n ní ìlú tí àjèjì kì í wọ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kò pé tán. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ojú omi lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́, lábẹ́ Awùjalẹ̀, ló sá sí pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ọdún 1862 ló tó padà sí Èkó. Ìlú tó kórìíra àlejò kò jẹ́ ṣe irú èyí. Èrò mi ni pé ohun tí àwọn Ìjẹ̀bú fẹ́ ni kí wọ́n mọ ẹni tó ń wọlé, àti ohun tó rù.

Yàrà ló sì kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n.

Erédò Ṣùngbọ́ ni orúkọ yàrà náà, ó sì gùn tó 160 kìlómítà. Ilẹ̀ tó yí ká fẹ̀ tó 40 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù, ó sì tó 35 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde nìkan ni wọ́n fi í yí ká, bí kò ṣe ìlú, abúlé, oko àti igbó lápapọ̀. Apá kan rẹ̀ bọ́ sí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ìlú kan ti ń jẹ́ Erédò títí di ìsinsìnyí. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń da erùpẹ̀ rẹ̀ sí apá inú, tó fi di òkìtì. Níbi tó ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé téńté òkìtì tó 20 mítà, ìyẹn ni pé ilé alájà mẹ́fà yóò wọ inú rẹ̀. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ P. C. Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959. Ní àwọn ọdún 1990, Patrick Darling, tó wá láti Yunifásítì Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rìn ín nínú igbó, ó wọ̀n ọ́n, ó sì ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde tó mílíọ̀nù 3.5 mítà onígun mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta. Èyí fi nǹkan bí mílíọ̀nù kan ju ohun tí àwọn ará Íjíbítì kó jọ fi kọ́ Píráámíìdì ńlá lọ. Ọkọ́, agbọ̀n àti agbára èèyàn ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí ẹṣin tàbí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀.

Darling fojú bù ú pé yóò tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó wà á lẹ́yìn rẹ̀ sún un sí iwájú, sí ìparí ọ̀rúndún 14 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15. Èyí tó wù kí ó jẹ́, yàrà náà ti wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ọkọ̀ Pọtogí àkọ́kọ́ tó fojú kan ọ̀sà wa, àwọn tó gbẹ́ ẹ sì ní ìjọba tó lè kó èèyàn jọ, tó lè bọ́ wọn, tó lè mú kí abúlé tó jìnnà síra gbẹ́ ilẹ̀ kan náà kí ó sì pàdé. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá dúró nínú rẹ̀ rò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú rẹ̀ ti rí. Ẹ ó kúrò lójú títì, ẹ ó gba ọ̀nà oko, ilẹ̀ yóò sì là níwájú yín láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni èèyàn fi ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ óò máa di gbòǹgbò mú. Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀, ògiri pupa á dúró lọ́tùn-ún lósì, ó gún, ara rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ débi pé ẹ ó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ewédò àti ọmu ti bo apá kan rẹ̀. Igi tó wà lókè ti so orí pọ̀, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, atẹ́gùn ibẹ̀ tutù bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ariwo mọ́tò tí ẹ fi sílẹ̀ lókè kò ní í dé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Ẹ wo ògiri náà dáadáa: bí wọ́n ti gé ilẹ̀ náà ni ó ṣì ṣe wà, kò tíì wó. Ilẹ̀ wa pupa, ó le, ó sì mọ bí a ti ń pa nǹkan mọ́ ju àwa tó ń gbé orí rẹ̀ lọ.

Ta ló ni ín? Àwọn ará ilé sọ pé Bílíkísù Ṣùngbọ́ ni, opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, tó sì ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yìí kí orúkọ òun má bàa parun. Ojú oórì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ sì ń rìnrìn-àjò lọ síbẹ̀ lọ gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni Ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì, ẹni tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ sí Bílíkísù. Ìṣirò ọdún kò gba èyí: Sólómọ́nì ti kú ní ohun tó lé ní ẹgbàá ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ lé Erédò, àfi bí a bá mú ọjọ́ tí Darling bù, níbi tí ó ti dín díẹ̀. Bí ó bá kù sí èmi nìkan, n kò rí ìdí tí a fi ní láti yá ayaba ilẹ̀ òkèèrè lò. Obìnrin Ìjẹ̀bú tó lè mú kí ilẹ̀ là fún 160 kìlómítà tóbi tó fúnra rẹ̀. Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àlejò mọ̀ kó tó lọ: obìnrin kì í wọ ojú oórì náà, ajá náà kì í wọ̀ ọ́. Ibi tí obìnrin sinmi sí ni obìnrin kò lè dé. Àṣà ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó máa ń ká mi lára.

Ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ávila. Odi òkúta ló yí i ká, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.5 kìlómítà. Àjọ UNESCO kọ ìlú náà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1985. Àlejò ń sanwó kó tó gun orí odi náà, wọ́n ń tanná sí i lálẹ́, àwọn hótẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ tó wà níbẹ̀ sì ń jẹun lára rẹ̀. Kìlómítà méjì àbọ̀ nìyẹn o. Erédò tiwa ti wà nínú ìwé àwọn tó ń dúró de ìforúkọsílẹ̀ UNESCO láti 1995, ó sì ṣì ń dúró. Láàárín ìgbà náà, títì ti gé e láwọn ibì kan, ilé ti gun orí òkìtì rẹ̀, àgbẹ̀ ń ro ó, àwọn kan sì ti sọ ọ́ di ààtàn. Odi Ávila, bí òkúta kan bá jábọ́, wọ́n á gbé òmíràn sí i. Yàrà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú tó ń ná mílíọ̀nù lórí aṣọ ẹbí ọjọ́ kan lè ná díẹ̀ lórí ọgbà, pátákó àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, kí a má máa dúró de Abújá.

Bí yàrà ti tóbi tó, kò dá Gẹ̀ẹ́sì dúró nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà òwò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1891, Denton, tó ń dele fún gómìnà Èkó, wá sí Ìjẹ̀bú-Òde wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Wọ́n kọ̀ fún un, wọ́n kọ ẹ̀bùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ní January 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, wọ́n gbà pé kí ọ̀nà ṣí, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì máa fún wọn ní £500 lọ́dún dípò owó bodè. Kò pẹ́ tí ìjà tún fi bẹ́ sílẹ̀. Gómìnà Carter rán Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott pẹ̀lú ọmọ ogun láti Èkó àti Gold Coast. Wọ́n gba ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n létí odò Yémọjì, ní Ìmàgbọn. Àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀, wọ́n ní ìbọn, wọ́n sì jà. Ìbọn Maxim tí Gẹ̀ẹ́sì gbé wá ni kò jẹ́ kó rí bí wọ́n ṣe rò. Ní ọjọ́ kejì, òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Awùjalẹ̀ Abókì Túnwàṣe ló wà lórí ìtẹ́. Ìyẹn ni òpin owó bodè.

Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, ìlú tó ti lé míṣọ́nnárì kún fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, ọmọ Ìjẹ̀bú náà sì tú ká gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lọ ṣòwò. Wọ́n dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀ ní 1913. Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, tí wọ́n bí ní 1902, ti inú òwò bọ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá, ó sì jẹ oyè Ọ̀gbẹ́ni Ọjà ìlú náà.

Ọkùnrin tó gbé Ojúde Ọba dé ibi tó wà ni Balógun Kúkù, oníṣòwò ńlá. Ẹ̀sìn Islam ti wọ ìlú ṣáájú rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí díẹ̀ tó wà nígbà náà sì ti ń lọ sí iwájú ààfin lẹ́yìn Iléyá lọ dúpẹ́ pé Awùjalẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n. Kúkù ní ọdún tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ọ̀dẹ̀dá, ó sì ń fi ẹṣin àti ìlù ṣe é. Nígbà tó gba ẹ̀sìn Islam ní 1902, ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ̀lé e. Ó fi Ọ̀dẹ̀dá sílẹ̀, ó sì kó ẹṣin, ìlù àti ìbọn rẹ̀ wọ inú ìdúpẹ́ àwọn Mùsùlùmí. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ẹṣin níbi tí ẹ rò pé àdúrà nìkan ni ẹ ó ti gbọ́. Lóde òní, Mùsùlùmí, Onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ló jọ ń ṣe é.

Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ń kọ́kọ́ jáde, ìyẹn àwọn tí a bí láàárín ọdún kan náà sí ìkejì, ìkẹta, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Bọ́bagúntẹ̀, Bọ́bakẹ́yẹ, Gbọ́banìyì: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ aṣọ tirẹ̀, gèlè, fìlà àti agboòrùn bára mu, wọ́n á jó lọ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba. Àwọn ìdílé Balógun ló kàn, Kúkù, Odùnúgà, Àlàtíṣe, Ṣótẹ̀ àti àwọn ìyókù, lórí ẹṣin. Wọ́n ti fi ìlẹ̀kẹ̀, awọ aláràbarà àti idẹ bo ẹṣin náà títí dé orí. Àwọn ọlọ́bọn á yìn ín, èéfín ẹ̀tù á bo pápá, ẹṣin á fẹ̀yìn rìn, á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ẹni tó gùn ún á sì gbé irùkẹ̀rẹ̀ kí ọba. Mo ti rí ọmọdé lórí ẹṣin níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé ìdajì ikùn ẹran náà, tó sì dì í mú láìmikàn. Baba rẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fọwọ́ kàn án. Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ẹni tó ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ jìjàkadì fún ọdún pípẹ́ ni, ó sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Láti ìgbà náà, àwọn tí kò ní mọ̀lẹ́bí kankan ní Ìjẹ̀bú ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wá wò ó.

Awùjalẹ̀ tó mú kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tún gbérí ni Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Ọ̀gbágbá Kejì. Ẹni ọdún 25 ni nígbà tí wọ́n fi í jọba ní 1960, ó ti ń kàwé ìṣírò owó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wọ àjà ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Ojúde Ọba tó kẹ́yìn nígbà ayé rẹ̀ ti wáyé ní oṣù kan ṣáájú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jó lọ́jọ́ náà kò mọ ọba mìíràn rí láyé wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí Ìjẹ̀bú tó ti wà kí ẹ̀sìn méjèèjì tó dé, kó wá ní àsìkò Agẹmọ, nínú òjò. Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún ló ń ti ìlú wọn wá, Támì ti Ọ̀dọ̀gbólú ni olórí wọn, wọ́n á sì jó ní Ìmọ̀san. Nígbà tí Agẹmọ bá ń gba ọ̀nà bọ̀, obìnrin kò gbọdọ̀ rí i, nítorí náà kí àlejò béèrè ọjọ́ àti ọ̀nà kó tó jáde. 

Ní ti oúnjẹ, ẹ má jẹ ìrẹsì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ béèrè ìkọ́kọrẹ́: ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n fi ata, epo àti ẹja sè pọ̀ nínú ìkòkò kan, tó ṣù díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà di àmàlà. Gàrí ibẹ̀ kan nítorí pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ náà kan dáadáa kí wọ́n tó yan án, ó kúnná, ó sì gbẹ. Omi tútù, ẹ̀pà àti ẹja díndín ni ẹ fi mu ún.

Bí ọ̀rọ̀ bá kàn mí láti ṣètò ìrìn-àjò náà, ọjọ́ Ojúde Ọba kọ́ ni ẹ ó padà sílé. Ẹ sùn. Kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ lọ sí Òkè-Ẹ̀rì, kí ẹ sì bẹ ará abúlé kan kó mú yín dé ibi tí yàrà ti jìn, kí ẹ fún un lówó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí ẹni tó bá rí owó lára yàrà kò ní í jẹ́ kí wọ́n di í. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ dúró lókè kí ẹ wò ó láti ibẹ̀, ògiri náà máa ń yọ̀. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni sísọ̀ kalẹ̀ rọrùn jù.